Bí Sístà Bá Ní "You Might Want To", Ẹ Tètè Dìde

ÀǸTÍ TÍṢÀ DÁ YÍN LÓHÙN

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, ó sì jọ pé ẹ ti dìmọ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, torí gbogbo ẹ̀ ló dá lórí àwọn can, may, must, would yẹn àti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí Òyìnbó máa ń tì sí ẹ̀gbẹ́ wọn, just, really, well, hardly, probably. Mo ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní gírámà, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ pé bá a ṣe kọ́ wọn yẹn ò dáa tó. A ní kí wọ́n há "can fún agbára, may fún ìyọ̀ǹda, must fún dandan" sórí, ó parí, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé sì wà ní táámù míì, bíi pé wọn ò mọ ara wọn rí. Bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ni èdè, ọ̀rọ̀ kékeré tó dúró ti may yẹn ló máa sọ fún ẹ irú may tó jẹ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ lọ́wọ́.

*Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, oṣù karùn-ún mi rèé ní Manchester. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, sístà tó jẹ́ ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù sọ fún mi láàárọ̀ pé "You might want to check her blood pressure again before the doctors come round." Mo ní okay, thank you, mo sì ń bá oògùn tí mò ń pín lọ, torí ohun tí mo gbọ́ ni pé tó bá wù mí. Ìgbà táwọn dókítà dé, wọ́n béèrè, kò sí nǹkan kan lórí ṣáàtì. Sístà wojú mi, ó ní "I did ask you." Àǹtí, ìgbà wo ló ní kí n ṣe é? Àbí ó kàn kórìíra mi ni?*
*Nọ́ọ̀sì, Manchester*

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Sístà ò kórìíra ẹ. Ó ní kó o ṣe é lóòótọ́, o ò gbọ́ ọ ni, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹ nìkan torí ìwé tá a fi kọ́ ẹ sọ pé might ló rọ̀ jù nínú gbogbo wọn, òótọ́ sì ni, might rọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀gá bá fi "you might want to" bá ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe pé ó ń wádìí ohun tó wù ẹ́. Àṣẹ ni, ó kàn ró aṣọ fún un ni.

Ìwọ náà mọ irú ẹ̀ nílé. Ìyá ọkọ ẹ wọlé, ó wo pálọ̀ yíká, ó ní "ilẹ̀ yìí mà dọ̀tí díẹ̀ o". Ṣé wàá ní "bẹ́ẹ̀ ni mà, ó dọ̀tí" kó o wá tún máa wo tẹlifíṣọ̀n ẹ lọ? Ìgbálẹ̀ lo máa wá. Ìyá ò ní kó o gbálẹ̀, kò dárúkọ ìgbálẹ̀ rárá, síbẹ̀ gbogbo ilé gbọ́. Àwọn náà ní tiwọn, ọ̀nà tí tiwọn ń gbà lọ ni might àti could, wọ́n á wá kó just, perhaps, possibly tì í kó má bàa dún bí àṣẹ. "Could you possibly move your car?" possibly yẹn ò béèrè bóyá mọ́tò ẹ lè rìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ ni, ẹ̀bẹ̀ tí wọn ò retí pé kó o kọ̀. "Could you just hold her arm for me?" just tibí ni kàn wa yìí gan-an, "bá mi kàn di ọwọ́ ẹ̀ mú", a máa ń sọ ọ́ kí iṣẹ́ náà lè dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ tó o bá fọwọ́ lẹ́rán wàá rí ojú. "You should probably ring the doctor": ní ìwé gírámà, probably ti dín should kù. Lẹ́nu sístà lórí wọ́ọ̀dù kò dín in kù rárá, gbé fóònù kíá.

Ibi tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé èyí tó le létí ló máa ń rọ̀ nínú. Ìgbà tí mo dé London fúngbà àkọ́kọ́, obìnrin tó ń gbé òdìkejì ilẹ̀kùn wa sọ fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé "You really must come round for dinner." Must nìyẹn o, really tún gùn ún lẹ́yìn, èmi tíṣà gírámà mo ní dandan ni, kò sí bí mi ò ṣe ní lọ. Mo se jọ́lọ́ọ̀fù, mo wọ léèsì, mo lọ kan ilẹ̀kùn lálẹ́ Sátidé. Aṣọ ìsùn ló fi ṣí i. Ó gba ìkòkò lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́ dáadáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kí n wọlé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé "you really must" tí kò ní ọjọ́ tí kò ní aago, "ẹ wá jẹun" tiwa ni, èyí tá à ń sọ sí ẹni tó ń kọjá lọ nígbà tí òkèlè wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá gbọ́n á ní "á gba ibi ire o", á máa lọ.

Nítorí náà, tí sístà bá tún ní "you might want to", bi í léèrè lójú ẹsẹ̀ pé "Shall I do it now?" Á ní "Yes, please", ẹ̀rù á kúrò lára ẹ, á sì rí i pé o gbọ́.

*Àǹtí Tíṣà, ẹ gbà mí o. Ọkùnrin tí mò ń fẹ́ wà ní London, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kọ sí mi. Lálẹ́ Fúráídè ó kọ ọ́ sórí WhatsApp pé "We might as well get married." Mo hó yèè! Mo fi han ọ̀rẹ́ mi, ó ní kí n má tíì yọ̀ o, pé èébú ni. Ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì?*
*Ọmọge Akúrẹ́*

Ọmọge, jókòó ná. Èébú kọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń hó yèè sí náà.

Bó o bá fẹ́ gbọ́ ọ bó ṣe rí, tú u sí Yorùbá: "Ká kúkú fẹ́ra wa." Ṣé o ti gbọ́ kúkú yẹn báyìí? Ẹ̀yin méjì dúró ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù láti aago mẹ́rin, ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sí ọkọ̀, ọkàdà kan ṣoṣo tó wá pe owó tó pọ̀ ju owó oúnjẹ lọ, lẹnìkan bá ní "ká kúkú máa fẹsẹ̀ rìn ín". Kì í ṣe pé ìrìn dùn mọ́ ọn. Kò sí ohun tó tún sàn jù ú lọ nílẹ̀ ni. "We might as well walk" nìyẹn, "we may as well" náà ò yàtọ̀ sí i. As well yẹn ti ṣírò gbogbo ohun tó kù, ó ti rí i pé òfo ni wọ́n, ó wá gbà.

Ní báyìí, yọ as kúrò níbẹ̀ kó o wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. "We may well get married." Well dá dúró, kúkú ti sá lọ. Ohun tó kù ni "ó ṣeé ṣe dáadáa ká fẹ́ra", ìrètí gidi ló wà níbẹ̀. "It may well rain": ojú ọ̀run ti dúdú, mú agboòrùn dání. "We may as well go": ó ti sú wa níbí, ẹ jẹ́ ká lọ. Lẹ́tà méjì péré ni as, ẹ wo iṣẹ́ tó ṣe.

Had better náà ń bẹ tí ọ̀pọ̀ yín máa ń rò pé ìmọ̀ràn jẹ́jẹ́ ni nítorí better tó wà nínú ẹ̀. Ìkìlọ̀ ni o. "You'd better leave now" túmọ̀ sí pé bó ò bá lọ wàhálà á dé. Mo ti rí lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí wọ́n kọ "You had better employ me", ọmọ yẹn rò pé òun ń bẹ̀bẹ̀ ni! Tó bá jẹ́ pé "We'd better get married" ni olólùfẹ́ ẹ kọ, ìbéèrè míì ni ǹ bá bi ẹ́, mi ò sì ní bi ẹ́ nínú ìwé ìròyìn.

Ohun tó yẹ kó o ṣe ni kó o padà ka ohun tó kọ ṣáájú gbólóhùn yẹn. Bó bá jẹ́ pé ó ń ka owó ilé, owó tíkẹ́ẹ̀tì, ìyà ẹni tó ń dá gbé lókè òkun, kó tó wá sọ ọ́, kúkú lásán ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì ń ṣàwàdà, ẹ ti mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ra tipẹ́, àwọn ọkùnrin tí wọ́n tọ́ lọ́hùn-ún máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bo ìtìjú. Èmi tó bá jẹ́ èmi, màá fi "Might as well?" ránṣẹ́ padà sí i pẹ̀lú àmì ìbéèrè, màá gbé fóònù sílẹ̀, màá lọ wẹ̀.

*Ẹ káàárọ̀ mà. Mò ń múra sílẹ̀ fún IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní lẹ́yìn modal, ìyẹn àwọn can, may, must, will, ni ọ̀rọ̀ àpọ́nlé máa ń wà, "will probably". Mo wá rí "probably won't" nínú ìwé ìdánwò, mo béèrè, ó ní kí n máa ṣe ohun tóun sọ. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá "I can't really" àti "I really can't" jọra.*
*Ọmọ Ọ̀ṣogbo*

Tíṣà ẹ ò parọ́, ìdajì ló sọ. Òótọ́ ni pé àárín ni probably, definitely, certainly fẹ́ràn, kí will wà níwájú kí come wà lẹ́yìn: "She will probably come." Tí have bá tún wà níbẹ̀, ẹ̀yìn will náà ló dáa jù sí, "She will probably have left." Ṣùgbọ́n tí will bá ti so mọ́ not di won't, probably kì í fẹ́ tẹ̀ lé e mọ́, iwájú ló ń bọ́ sí: "She probably won't come." Bẹ́ẹ̀ náà ni can't àti couldn't. Tó o bá pín wọn sọ́tọ̀, ó lè padà sáàárín, "She will probably not come", ìyẹn sì dún bíi lẹ́tà ọ́fíìsì.

Àwa máa ń sọ pé "Probably she will come" nítorí bóyá wa máa ń jókòó níwájú pátápátá, "bóyá á wá", la bá ti probably lọ síbẹ̀. Ẹni tó yẹ ìjókòó iwájú yẹn ni maybe, "Maybe she'll come." Ẹ sì má kọ ọ́ ní "He maybe sick" mọ́, ẹ jọ̀ọ́, mo ti fi bírò pupa kọ ọ́ títí ọwọ́ ń ro mí. "He may be sick", ọ̀rọ̀ méjì ni, may ni modal, be ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Ohun tó fà á ni pé "it may be" ni wọ́n ń sọ látijọ́, ó wá sún kì títí ó fi di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé kan ṣoṣo. Àwọn ará wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin tó ń fi Faransé ṣiṣẹ́ mọ irú ẹ̀, peut-être tiwọn náà, "lè" àti "jẹ́" ló so pọ̀ síbẹ̀.

Ìbéèrè ẹ kejì yẹn ni mo fẹ́ràn. Wọn ò jọra o, ọ̀nà wọn jìn síra. Wọ́n gbé ata rodo tó pọ̀ síwájú ẹ. "I really can't eat this": mi ò lè jẹ ẹ́ rárá, ẹ gbé e lọ. "I can't really eat this": mi ò fi bẹ́ẹ̀ lè jẹ ẹ́, bóyá màá tọ́ díẹ̀ wò. Ní èkíní, really ló ń gbé can't lérí, ó wá le. Ní èkejì, can't ti ṣáájú, ó ti gbé not tì really mọ́lẹ̀, ohun tí not wá kọ̀ ni "gan-an" yẹn, kì í ṣe jíjẹ. Èyí tó bá ṣáájú ló ń jọba lórí èyí tó wà lẹ́yìn.

Má jẹ́ kó dà bí idán, nítorí ìwọ fúnra ẹ ń ṣe é lójoojúmọ́ tí o ò kíyè sí i. Sọ ọ́ síta kó o gbọ́: "Kò kàn lè dìde ni." Ara ẹ̀ ò yá, ẹsẹ̀ ò gbé e. "Kò lè kàn dìde kó máa lọ." Ara ẹ̀ le bí irin, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn jókòó, ìpàdé ń lọ, kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. "He just can't get up" ni ti àkọ́kọ́, "He can't just get up and go" ni èkejì. Kàn àti lè pààrọ̀ àyè, just àti can't náà pààrọ̀ àyè, ìtumọ̀ yí padà ní èdè méjèèjì lọ́nà kan náà. Tó o bá ti dé gbọ̀ngàn ìdánwò tí o ò rántí òfin, fi kàn àti lè dán an wò lọ́kàn ẹ.

*Àǹtí, ṣé "I can't hardly hear you" dáa? Mo máa ń gbọ́ ọ nínú fíìmù Amẹ́ríkà.*
*Ayọ̀lówó-fóònù, Ìbàdàn*

Wọ́n ń sọ ọ́ níbẹ̀ lóòótọ́, nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àti nínú orin, ṣùgbọ́n má kọ ọ́ sínú ìdánwò. Hardly ti gbé "kò" mì tẹ́lẹ̀, not míì ò tún wọlé mọ́. "I can hardly hear you", agbára káká ni mo fi ń gbọ́ ẹ. Ẹ wo nǹkan tó dùn níbẹ̀: hardly yìí, ìgbà kan wà tó túmọ̀ sí "tagbáratagbára", láti ara hard, ó wá di "pẹ̀lú ìnira", ó wá di "díẹ̀ ló kù kó má ṣeé ṣe". Yorùbá náà sọ pé agbára káká, agbára ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ ìgbà tí agbára ò tó nǹkan mọ́ là ń lò ó. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n rìn! Bó o bá sì fẹ́ sọ pé o ṣiṣẹ́ gan-an, "I worked hard" ni, má fi ly sí i, wọ́n á rò pé ọ̀lẹ ni ẹ́. "I could hardly refuse" wá ni mi ò lè ṣàì gbà, wọ́n fún mi lówó níwájú àwọn àna, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́.

*Ọmọ mi, mo kí ẹ. Àgbà olùkọ́ ni èmi náà, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ mi kọ "The price may likely increase" àti "We will can travel", tíṣà ẹ̀ fagi lé méjèèjì. Èkejì ò ya mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ yẹn, mò ń kà á nínú ìwé ìròyìn lójoojúmọ́. Kí ló burú níbẹ̀?*
*Bàbá, Abẹ́òkúta*

Bàbá, ẹ kú àgbà sà, ǹ bá dọ̀bálẹ̀ tó bá jẹ́ ọkùnrin ni mí, mo kúnlẹ̀. Àwa oníwèé ìròyìn la fà á sà, ó ti wọ̀ wá lára ní Nàìjíríà débi pé etí ò gbọ́ ọ mọ́. Ìwọ̀n wọn ni kò dọ́gba. May sọ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀, kò ti ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Likely ti ti ẹnì kan lẹ́yìn ní tiẹ̀, ó ní ó jọ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Ẹni méjì tó di okùn kan mú tí ọ̀kan ò fà, òmíràn ń fà. Kó kọ "is likely to increase", tàbí kó fi will gbé e, "will likely increase" bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe máa ń sọ ọ́, tàbí kó lo well tí mo ṣàlàyé fún ọmọge lókè yẹn, "may well increase". Possibly ló mọ́ may lára, àwọn méjèèjì ò dá nǹkan kan lójú, "may possibly" ń kọjá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù díẹ̀.

Ti "will can", ẹ má na ọmọ náà. Yorùbá ló ń sọ. A máa ń gbé àwọn ọ̀rọ̀ yìí gun ara wọn láìsí wàhálà: "a máa lè rìnrìn àjò", "o gbọ́dọ̀ lè wẹ̀ kó o tó wọ ọkọ̀ ojú omi", máa lórí lè, gbọ́dọ̀ lórí lè. Gẹ̀ẹ́sì ìwé ò gbà kí modal méjì gun ara wọn, wọ́n á yọ can kúrò wọ́n á fi be able to dípò, "will be able to", "must be able to". Bí àwa náà bá ti wá mọ be able to tán, ìfẹ́ ẹ̀ á pa wá, a ó ní "I can be able to", ìyẹn "mo lè lè". Àmọ́ ẹ sọ fún ọmọ ọmọ yín pé kó má rò pé òun nìkan ni. Ní gúúsù Amẹ́ríkà àti ní àwọn apá kan ní Scotland, àwọn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi mu ọmú ìyá wọn ń sọ "might could", pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Tíṣà tiwọn náà ń fagi lé e.

*Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa mà. Èmi ni mo máa ń túmọ̀ ìwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Pásítọ̀ sọ pé "Sarah must surely have been tired of waiting." Mo ní "Sárà gbọ́dọ̀ ti rẹ̀ dájúdájú láti dúró", ni gbogbo ìjọ bá bú sẹ́rìn-ín, pásítọ̀ rò pé àwàdà òun ni wọ́n ń rín. Níbo ni mo ti ṣì í?*
*Ògbufọ̀, Ìkòròdú*

Arákùnrin, mo rẹ́rìn-ín èmi náà, ẹ foríjì mí. Gbọ́dọ̀ ló kó ẹ sí i. Must méjì ló wà lẹ́nu Òyìnbó, gbọ́dọ̀ tiwa sì mọ ẹyọ kan péré. Must àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, òfin, "o gbọ́dọ̀ san owó ilé". Must kejì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, ó wo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, ó fi ọgbọ́n gbé e: ọdún ti lọ, ọmọ ò dé, á ti sú obìnrin yẹn. Sárà ò sí lábẹ́ òfin pé kó rẹ̀ ẹ́.

Báwo lo ṣe máa dá wọn mọ̀ lórí pèpéle nígbà tí pásítọ̀ ò ní dúró? Wo ẹni tó bá must rìn. Surely, àti have tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ti fẹ́ẹ́ máa jẹ́ must ẹlẹ́rìí nígbà gbogbo. Always àti never, must òfin nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, "You must always pray", "You must never lie", gbọ́dọ̀ ẹ wọlé síbẹ̀ wẹ́rẹ́. Fún must ẹlẹ́rìí, sọ pé "ó ní láti jẹ́ pé ó ti sú Sárà", tàbí "á mà ti sú Sárà o", èyí tó kẹ́yìn yìí ni ìyá àgbà ìjọ máa mi orí sí. Tí pásítọ̀ bá sì fẹ́ sọ òdìkejì ẹ̀, kò ní sọ mustn't, "It can't possibly be true" ló máa sọ, "kò lè jẹ́ òótọ́ láéláé".

Surely tún wà nínú Bíbélì tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún Gẹ̀ẹ́sì. Jẹ́nẹ́sísì orí kejì ẹsẹ kẹtàdínlógún, "thou shalt surely die". Ní Hébérù, surely ò sí níbẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ ìṣe náà ni wọ́n sọ lẹ́ẹ̀mejì, bí ìgbà tèèyàn ní kú-kú. Gẹ̀ẹ́sì ò mọ bá a ṣe ń ṣe irú ẹ̀, ló bá lọ yá ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. Yorùbá ò yá nǹkan kan: "kíkú ni ìwọ ó kú". Ó bá Hébérù dọ́gba ju ti wọn lọ! Nítorí náà nígbà míì tí pásítọ̀ bá pariwo "He will definitely come!", má lọ fi dájúdájú há àwọn èèyàn lọ́fun, ní "wíwá ló máa wá", wàá gbọ́ àmín tó máa jáde.

*Àǹtí, a lẹ ìwé mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì pé "Ushers must not necessarily wear white." Sunday tó kọjá, gbogbo aṣọ funfun pòórá, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta sì padà sílé lọ pààrọ̀. A fẹ́ sọ pé kì í ṣe dandan ni o.*
*Akọ̀wé ìgbìmọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde*

Wọ́n ka must not, wọn ò dé necessarily. Must not ni kò gbọ́dọ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn pa kí necessarily tó dé ẹnu ọ̀nà, kò sì lágbára láti ṣí i padà. Kò pọn dandan tiwa yẹn, don't have to ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè kọ "Ushers don't necessarily have to wear white", àmọ́ ẹ wò ó, ìwé ara ògiri ni, àwọn èèyàn ń kà á bí wọ́n ṣe ń sáré wọlé, ẹ jẹ́ kí necessarily sinmi. "Ushers do not have to wear white." Ẹ ya ti àkọ́kọ́ yẹn dànù, ẹ lẹ èyí mọ́ ọn kó tó di Sátidé, kí ẹnì kan sì pe àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yẹn lórí fóònù.